Orí Kẹrin: Iye Kan, Ìrísí Púpọ̀: Bí Ọpọlọ Ṣe Ń Mọ Nọ́ńbà tí Ojú Rí

Nọ́ńbà kò ní àwọ̀, kò sì ní ìwúwo, síbẹ̀ kò sí bí ènìyàn ṣe lè bá a pàdé láìjẹ́ pé ó gbé ìrísí kan wọ̀. Iye tí à ń pè ní méje lè wà níwájú ẹni gẹ́gẹ́ bí ọmọ ayò tí a dà sórí ẹní, ó lè jẹ́ àmì 7 tí a kọ sára ògiri ilé, ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ "méje" tí a fi lẹ́tà kọ sínú ìwé, ó sì tún lè jẹ́ VII gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Róòmù àtijọ́ ṣe ń kọ ọ́. Ẹni tí ó mọ̀wé yóò ní ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ojú tí ó rí wọn kò rí ohun kan náà, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ tí ó ti ara ọmọ ayò méje wọ inú ẹyinjú kò jọ èyí tí ó ti ara ìlà méjì tí a fi kọ 7 wọlé rárá. Ohun tí orí yìí ń wádìí ni ọ̀nà tí ọpọlọ ń gbà láti ti ara àwọn ìrísí tí kò jọra wọ̀nyí dé ìdí iye, àti bóyá ibì kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń dé.

Nínú àlàyé tí ó tẹ̀ lé e, iye ni a ó máa pe bí nǹkan ṣe pọ̀ tó gan-an, àkójọ ni a ó máa pe àwọn nǹkan tí ojú lè rí lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹ̀wà, ọmọ ayò tàbí àmì róbótó lórí ìwé, àmì òǹkà ni 1, 2, 3 àti irú wọn, ọ̀rọ̀ òǹkà sì ni orúkọ nọ́ńbà nígbà tí a bá pè é tàbí tí a bá fi lẹ́tà kọ ọ́. Ní ti ọpọlọ fúnra rẹ̀, èèpo rẹ̀, ìyẹn ìpele òde tí ó kún fún ìṣẹ́po àti pàlàpálá, ni ó kàn wá jù, a ó sì máa fi ibi tí ẹkùn kọ̀ọ̀kan wà nínú orí pè é: ẹkùn ìpàkọ́ ní ẹ̀yìn, ẹkùn àtàrí ní òkè, ẹkùn ẹ̀bátí ní ẹ̀gbẹ́ lókè etí, àti ẹkùn iwájú orí. Ohun tí ojú bá rí, ẹkùn ìpàkọ́ ni ó kọ́kọ́ ń gúnlẹ̀ sí. Láti ibẹ̀ ni ìròyìn ti ń pín sí ọ̀nà méjì, tí ọ̀kan gba òkè lọ sí ẹkùn àtàrí, níbi tí ọpọlọ ti ń ṣètò ipò nǹkan àti bí wọ́n ṣe tóbi tó, tí èkejì sì gba ìsàlẹ̀ lọ sí ẹkùn ẹ̀bátí, níbi tí a ti ń dá ìrísí mọ̀, yálà ojú ènìyàn ni o, lẹ́tà ni o, tàbí àmì òǹkà. Ìpínyà yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé àkójọ àti àmì òǹkà kì í gba ọ̀nà kan náà.

Àkójọ: iye tí ojú mọ̀ kí ẹnu tó kà á

Ní ọdún 1871, William Stanley Jevons, onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ àròkọ kúkúrú kan sínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Nature, níbi tí ó ti ṣàlàyé bí ó ṣe ń da ẹ̀wà dúdú sí ọ̀nà àpótí róbótó kan, tí ó sì ń sọ iye tí ó bọ́ sínú àpótí náà lójú ẹsẹ̀, kí ó tó wá kà wọ́n láti mọ̀ bóyá òun gbà á. Ìgbà 1,027 ni ó ṣe èyí. Kò ṣìnà rárá nígbà tí ẹ̀wà jẹ́ 3 tàbí 4. Orí 5 ni àṣìṣe ti bẹ̀rẹ̀, bí iye náà sì ṣe ń ga ni àṣìṣe ń pọ̀ sí i. Àyẹ̀wò tí ènìyàn kan ṣoṣo fi ara rẹ̀ ṣe nìyí, kò sì sí ẹ̀rọ kankan nínú rẹ̀, síbẹ̀ ohun tí ó rí ni gbogbo ilé ìwádìí tí ó tẹ̀ lé e tún rí, tí ó fi yẹ kí a kà á sí ọ̀kan nínú àwọn àyẹ̀wò tí ó pa owó mọ́ jù lọ nínú ìtàn ìmọ̀ yìí.

Àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà, tí E. L. Kaufman wà lára wọn, fún agbára àti mọ iye kékeré lẹ́ẹ̀kan náà ní orúkọ tirẹ̀ ní 1949; ìwòmọ̀ ni ìwé yìí yóò máa pè é. Àmì tí a fi ń mọ̀ ọ́n ni àkókò tí ìdáhùn ń gbà. Láàárín 1 sí 4, bí a bá fi ohun kan kún àkójọ, àkókò ìdáhùn kì í ju nǹkan bí ìdá 40 sí 100 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá lọ sí i. Tí àkójọ bá ti kọjá 4, ohun kọ̀ọ̀kan tí a bá fi kún un máa ń gba nǹkan bí ìdá 250 sí 350, nítorí pé ìgbà náà ni ẹni tí ń wò ó níláti máa kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí a kò bá sì fún un ní àyè láti kà, ohun tí ó kù fún un ni ìfojúdíwọ̀n, ìyẹn kí ó fi ojú dá iye náà láìmọ̀ ọ́n ní pàtó.

Ìfojúdíwọ̀n ní òfin tirẹ̀, òfin náà sì dúró lórí bí iye méjì ṣe jẹ́ sí ara wọn, kì í ṣe lórí ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn. Ẹni tí a bá gbé àmì róbótó 10 àti 20 síwájú rẹ̀ yóò mọ èyí tí ó pọ̀ jù láìrònú, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jẹ́ 90 àti 100, yóò ṣiyèméjì, bẹ́ẹ̀ 10 náà ni ìyàtọ̀ àárín wọn. Òfin yìí ni a ń pe ní òfin Weber, nítorí Ernst Weber ará Jámánì tí ó kọ́kọ́ rí i nínú bí ọwọ́ ṣe ń mọ ìwúwo. Kì í ṣe ilé ìwé ni a ti ń kọ́ ọ. Fei Xu àti Elizabeth Spelke fi hàn ní 2000 pé ọmọ ọwọ́ olóṣù mẹ́fà máa ń fi ìyàtọ̀ sí àárín àmì róbótó 8 àti 16, tí kò sì lè fi í sí àárín 8 àti 12. Ọmọ tí kò tíì mọ ọ̀rọ̀ kan sọ ti ní ìmọ̀ iye, àmọ́ ìmọ̀ náà kò tíì pọ́n.

Ohun tí ó ń fa ààlà tí ó wà ní 4 yìí jẹ́ àríyànjiyàn fún ìgbà pípẹ́. Àwọn kan sọ pé ọ̀nà kan náà ni ọpọlọ ń lò fún iye kékeré àti ńlá, pé iye kékeré kàn rọrùn ni. Àwọn mìíràn ní ọ̀nà méjì ni. Ìwádìí tí Esther Kutter, Andreas Nieder àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ̀ jáde ní 2023, níbi tí wọ́n ti gbọ́ ìró iná mànàmáná sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ènìyàn lọ́kọ̀ọ̀kan, ti àwọn tí ó ní ọ̀nà méjì lẹ́yìn, nítorí pé àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń dáhùn sí iye tí kò ju 4 lọ ń dá iye tiwọn mọ̀ ní pàtó, nígbà tí àwọn tí ń dáhùn sí iye tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ máa ń dáhùn sí àwọn alábàágbé iye tiwọn pẹ̀lú.

Ètò tí a bá to àkójọ sí tún ń yí iṣẹ́ ọpọlọ padà. George Mandler àti Billie Jo Shebo fi hàn ní 1982 pé bí a bá to àmì róbótó sí ìrísí tí ojú ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, bí irú èyí tí ó wà lójú ọmọ lúdò, ènìyàn máa ń tètè sọ iye wọn ju ìgbà tí a kàn dà wọ́n sílẹ̀ lọ, nítorí pé ìrísí odindi ni ó ń dá mọ̀, kì í ṣe ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí ń ka owó ẹyọ ní ilẹ̀ Yorùbá àtijọ́ lo ọgbọ́n tí ó bá èyí mu. Adolphus Mann, míṣọ́nárì tí ó gbé láàárín àwọn Yorùbá, ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1887 pé márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń fa owó ẹyọ jáde láti inú òkìtì, títí wọn yóò fi kó ogún jọ, kí ogún márùn-ún tó di ọgọ́rùn-ún, kí ọgọ́rùn-ún méjì tó di igba. Ọwọ́ kan tí ó jẹ́ márùn-ún kò jìnnà sí ibi tí ìwòmọ̀ mọ, ojú tí ó ti mọ́ ọn lára kò sì níláti ka ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀, ọ̀kẹ́ owó kan, tí ó jẹ́ 20,000 ẹyọ, di ohun tí a lè kà láìṣìnà. Ọpọ́n ayò náà jẹ́ ẹ̀rí: ọmọ mẹ́rin ni ó ń bẹ nínú ihò kọ̀ọ̀kan nígbà tí eré bá bẹ̀rẹ̀, iye tí ọ̀tayò ń mọ̀ láìbojúwẹ̀yìn, ṣùgbọ́n tí ilé kan bá ti kún di odù, òun náà yóò níláti fi ọwọ́ kà á.

Àmì òǹkà: ìlà tí kò jọ iye tí ó ń sọ

Kò sí ohunkóhun nínú ìrísí 8 tí ó fi hàn pé ó ju 3 lọ. Ẹni tí kò kọ́ ọ kò lè mọ̀ ọ́n, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí kò gbọ́ èdè kan kò ṣe lè mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Nítorí náà, a lè rò pé ẹni tí a bá bi léèrè èyí tí ó pọ̀ jù nínú 8 àti 9 yóò dáhùn ní ìwọ̀n àkókò kan náà tí yóò fi dáhùn nípa 2 àti 9, níwọ̀n bí ó ti mọ ìtumọ̀ gbogbo wọn dájú. Robert Moyer àti Thomas Landauer dán èyí wò ní 1967, wọ́n sì rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀. Bí àmì méjì bá ṣe súnmọ́ ara wọn sí ní iye ni ìdáhùn ṣe ń pẹ́ sí, tí àṣìṣe sì ń pọ̀ sí, àní lọ́dọ̀ àwọn àgbàlagbà tí wọ́n kàwé dáadáa. Èyí ni a ń pè ní ipa ìjìnnà. Ní 1974, Paul Buckley àti Clifford Gillman gbé àmì òǹkà àti àkójọ àmì róbótó yẹ̀ wò pa pọ̀, ipa ìjìnnà sì jẹ yọ nínú méjèèjì. Èyí túmọ̀ sí pé nígbà tí àgbàlagbà bá wo 8 àti 9, ọpọlọ rẹ̀ kì í kàn wo inú àkọsílẹ̀ kan tí ó sọ pé 9 ju 8 lọ. Ó ń yí àwọn ìlà náà padà sí iye, iye náà sì ń ní irú àìpọ́n kan náà tí ó wà nínú ìfojúdíwọ̀n.

Ìyípadà yìí kì í dúró de àṣẹ. Avishai Henik àti Joseph Tzelgov fi í hàn ní 1982 nípa kíkọ àmì òǹkà méjì ní títóbi tí kò dọ́gba. Wọ́n bi àwọn tí wọ́n ń dán wò léèrè èyí tí a kọ tóbi jù lórí ìwé, ìbéèrè tí kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú iye. Síbẹ̀, bí a bá kọ 3 gàdàgbà tí a sì kọ 5 wínníwínní, ìdáhùn ń falẹ̀, nítorí pé iye 5 ti dé ọkàn ẹni náà láìpè, ó sì ń ta ko ohun tí ojú rí.

Ibi tí ọpọlọ ti ń dá àmì òǹkà mọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìrísí ṣòro láti rí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìdí rẹ̀ sì jẹ mọ́ ẹ̀rọ ju ọpọlọ lọ. Ẹ̀rọ MRI tí a fi ń ya àwòrán iṣẹ́ ọpọlọ kì í ríran dáadáa ní ìsàlẹ̀ ẹkùn ẹ̀bátí, nítorí pé afẹ́fẹ́ inú ihò etí tí ó wà nítòsí ń da òòfà rẹ̀ rú. Josef Parvizi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Stanford gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn aláìsàn wárápá tí dókítà ti fi wáyà sórí èèpo ọpọlọ wọn láti wá ibi tí gìrì ti ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì fi àmì òǹkà, lẹ́tà, àti àwọn ìlà tí kò ní ìtumọ̀ hàn wọ́n. Ní 2013, wọ́n ròyìn pé agbègbè kékeré kan wà ní ìsàlẹ̀ ẹkùn ẹ̀bátí tí ń dáhùn sí àmì òǹkà ju bí ó ṣe ń dáhùn sí lẹ́tà, sí àwọn ìlà asán, tàbí sí ọ̀rọ̀ òǹkà tí a fi lẹ́tà kọ. Ìlà ni 5, ìlà sì ni S, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra délẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ọmọ ènìyàn kọ́ nílé ìwé ti la ọ̀nà sọ́tọ̀ fún wọn nínú ẹran ọpọlọ.

Ìpínyà àárín lẹ́tà àti àmì òǹkà kì í ṣe ohun tí ẹ̀rọ òde òní nìkan fi hàn. Ní 1892, Jules Dejerine, dókítà ní Paris, ròyìn ọkùnrin kan tí ó ṣàdédé pàdánù ìwé kíkà nítorí pé ẹ̀jẹ̀ kò dé apá kan ní ẹ̀yìn ọpọlọ rẹ̀ lápá òsì mọ́. Ọkùnrin náà lè kọ̀wé, ó lè sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ sì ń rí lẹ́tà gẹ́gẹ́ bí ìlà, ṣùgbọ́n kò lè ka ọ̀rọ̀ kan, àní èyí tí òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ. Àmì òǹkà kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀: ó ń kà á, ó sì ń fi í ṣe ìṣirò.

Ọ̀rọ̀ òǹkà: ọ̀nà tí ó gba inú èdè kọjá

Nígbà tí a bá fi lẹ́tà kọ nọ́ńbà, ojú ọ̀nà ìwé kíkà ni ó ń gbà, apá òsì ọpọlọ sì ni ọ̀nà yìí wà lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn, níbi kan náà tí èdè wà. Jamie Campbell, onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì ní Kánádà, fi hàn nínú iṣẹ́ tí ó tẹ̀ jáde ní 1994 pé ìṣirò kékeré tí a fi ọ̀rọ̀ kọ ń pẹ́ láti dáhùn ju èyí tí a fi àmì kọ lọ, àṣìṣe inú rẹ̀ sì ń pọ̀ jù. A lè fèsì pé kò sí ẹni tí ń fi ọ̀rọ̀ ṣe ìṣirò lórí ìwé, pé àìmọ́lára ni ó fa ìfàsẹ́yìn náà, èsì yìí sì ní òótọ́ nínú. Ṣùgbọ́n Campbell tún rí i pé ìyàtọ̀ náà ń pọ̀ sí i bí ìṣirò ṣe ń le sí i, èyí tí kò yẹ kí ó ṣẹlẹ̀ bí ó bá jẹ́ pé kíkà nìkan ni ó ń pẹ́.

Èdè tí ènìyàn ń sọ máa ń dá sí ọ̀rọ̀ àmì òǹkà pàápàá. Ní èdè Jámánì, ẹyọ ni a ń pè kí a tó pe ẹ̀wá, tí ó fi jẹ́ pé 48 di "mẹ́jọ àti ogójì" lẹ́nu. Àwọn ọmọ tí ń sọ èdè náà sì máa ń kọ 84 nígbà tí olùkọ́ bá pe 48 fún wọn. Àpẹẹrẹ ti Yorùbá tilẹ̀ jinlẹ̀ ju èyí lọ. Ojú rí 4 àti 7 nínú 47, ṣùgbọ́n ẹnu ń pe mẹ́tàdínláàádọ́ta, ìyẹn àádọ́ta tí a yọ mẹ́ta kúrò nínú rẹ̀, tí kò sí mẹ́rin tàbí méje nínú orúkọ náà rárá. Ní 44, tí í ṣe mẹ́rìnlélógójì, ohun tí ojú rí àti ohun tí ẹnu pè súnmọ́ ara wọn. Láti 45 lọ, wọ́n yapa pátápátá. Ẹni tí ń ka àmì òǹkà sókè ní Yorùbá kò lè kàn máa tẹ̀ lé ohun tí ó wà lórí ìwé láti ọwọ́ òsì sí ọwọ́ ọ̀tún, ó níláti mọ iye náà, kí ó mọ ẹ̀wá tí ó wà níwájú rẹ̀, kí ó sì mọ ohun tí ó kù kí iye náà fi dé ibẹ̀. Kò yani lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí ó gbọ́ èdè dáadáa ń yà sí Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí ó bá kan nọ́ńbà tẹlifóònù tàbí iye owó, ó sì yẹ kí àwọn onímọ̀ ìṣirò àti onímọ̀ èdè ní yunifásítì wa gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sí ilé ìwádìí ju bí a ṣe ń bá àwọn ọmọ wí lé e lórí lọ.

Àbá ibùdó mẹ́ta

Ní 1992, Stanislas Dehaene, onímọ̀ ọpọlọ ọmọ ilẹ̀ Faransé, kó àwọn ẹ̀rí tí ó wà nílẹ̀ nígbà náà jọ sínú àbá kan tí ó ṣì ń darí ìwádìí títí di òní, òun àti Laurent Cohen sì fi ibi tí ibùdó kọ̀ọ̀kan wà nínú ọpọlọ hàn ní 1995. Àbá náà sọ pé ìrísí mẹ́ta ni ọpọlọ àgbàlagbà ń gbà tọ́jú nọ́ńbà. Ibùdó ìrísí àmì òǹkà wà ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn orí, lápá òsì àti ọ̀tún. Ibùdó ọ̀rọ̀ òǹkà wà lápá òsì nìkan, láàárín àwọn ẹ̀yà tí ń ṣiṣẹ́ èdè. Ibùdó iye sì wà nínú pàlàpálá àtàrí, ìyẹn àlà jíjìn kan tí ó la ẹkùn àtàrí já, lápá méjèèjì. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń ránṣẹ́ síra wọn, irú iṣẹ́ tí a bá sì fẹ́ ṣe ni yóò sọ èyí tí a ó lò. Ìlọ́po, bí 7 × 8, jẹ́ ohun tí a kọ́ sórí bí orin, nítorí náà ibùdó ọ̀rọ̀ ni ó ń gbé e. Àfiwé àti ìyọkúrò ń béèrè ìmọ̀ iye, wọ́n sì ń lọ sí pàlàpálá àtàrí.

Àwọn aláìsàn ni ó fún àbá yìí lẹ́sẹ̀. Àwọn kan wà tí a gé okùn tí ó so apá òsì àti ọ̀tún ọpọlọ wọn pọ̀, kí wárápá tí ó le má baà máa ràn láti apá kan dé èkejì. Bí a bá fi àmì òǹkà méjì hàn wọ́n ní ọwọ́ òsì, tí ó fi jẹ́ pé apá ọ̀tún ọpọlọ nìkan ni ó rí wọn, wọ́n lè fi ọwọ́ tọ́ka sí èyí tí ó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n wọn kò lè pe orúkọ rẹ̀. Apá ọ̀tún mọ ìrísí, ó sì mọ iye. Ọ̀rọ̀ ni kò ní. Ní 1997, Dehaene àti Cohen tún ròyìn aláìsàn méjì tí wọ́n ń ka àmì òǹkà dáadáa, tí wọ́n sì ń kọ ọ́. Èyí tí ẹkùn àtàrí rẹ̀ bàjẹ́ ń kùnà nínú ìyọkúrò tí kò tó nǹkan ju nínú ìlọ́po lọ, nígbà tí èyí tí ọgbẹ́ rẹ̀ wà lábẹ́ èèpo ọpọlọ lápá òsì pàdánù ìlọ́po tí ó ti há sórí láti kékeré, tí ìmọ̀ iye rẹ̀ sì ṣẹ́kù. Àwọn méjèèjì mọ nọ́ńbà, wọ́n sì tún pàdánù rẹ̀, olúkúlùkù ní apá tirẹ̀.

Ṣé ibì kan ni gbogbo ìrísí ń dé?

Ibi tí àbá ibùdó mẹ́ta ti ń fa àríyànjiyàn jù lọ ni ibùdó iye. Bí ó bá jẹ́ pé àkójọ, àmì àti ọ̀rọ̀ ń parí sí pàlàpálá àtàrí, ṣé àwọn sẹ́ẹ̀lì kan náà ni ń gbà wọ́n, tí wọn kò ka aṣọ tí iye wọ̀ sí, tàbí àwọn sẹ́ẹ̀lì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n kàn ń bá ara wọn gbé ní àdúgbò kan? Àwòrán MRI kò lè dáhùn tààrà, nítorí pé ẹ̀kán kan ṣoṣo nínú àwòrán náà ń kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún sẹ́ẹ̀lì pọ̀. Àwọn oníwádìí wá lo ọgbọ́n ìsúni. Bí a bá ń fi ohun kan náà han ọpọlọ léraléra, ìdáhùn rẹ̀ á máa rẹlẹ̀. Bí nǹkan tuntun bá wọlé, ìdáhùn náà á tún gbéra. Manuela Piazza àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo ọgbọ́n yìí ní 2007: wọ́n ń fi àkójọ àmì róbótó 17, 18 tàbí 19 han àwọn ènìyàn títí ọpọlọ wọn fi sú, wọ́n sì wá gbé 20 tàbí 50 wọlé, nígbà mìíràn gẹ́gẹ́ bí àkójọ, nígbà mìíràn gẹ́gẹ́ bí àmì òǹkà. Pàlàpálá àtàrí gbéra fún 50 ju bí ó ṣe gbéra fún 20 lọ, àní nígbà tí ìrísí bá yí padà. Èyí ti àwọn tí ó gbà pé ọ̀kan ni ibùdó iye lẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n ní ọdún kan náà, nínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ kan náà, Roi Cohen Kadosh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ èsì mìíràn jáde. Àmì àti ọ̀rọ̀ òǹkà ni wọ́n lò, wọ́n sì rí i pé apá òsì ẹkùn àtàrí kò ka ìyípadà ìrísí sí, ṣùgbọ́n apá ọ̀tún kà á sí. Bí a bá ka àwọn iṣẹ́ méjèèjì pa pọ̀, ìbéèrè náà kò ní ìdáhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ni ó kù láti béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ilka Diester àti Andreas Nieder kọ́ ọ̀bọ ní Jámánì pé àmì 1 dé 4 dúró fún àmì róbótó kan sí mẹ́rin, wọ́n sì ròyìn ní 2007 pé ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì ní ẹkùn iwájú orí ń dáhùn sí iye kan náà nínú ìrísí méjèèjì, nígbà tí irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀ ní ẹkùn àtàrí. Ní ti ènìyàn, Kutter, Nieder, Florian Mormann àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbọ́ ìró sẹ́ẹ̀lì 585 nínú ẹkùn ẹ̀bátí aláìsàn wárápá mẹ́sàn-án ní Bonn, wọ́n sì tẹ èsì náà jáde ní 2018. Wọ́n rí sẹ́ẹ̀lì tí ń dáhùn sí àkójọ mẹ́ta, bí àpẹẹrẹ, tí ìdáhùn rẹ̀ sì ń dínkù díẹ̀díẹ̀ fún méjì àti mẹ́rin. Wọ́n tún rí sẹ́ẹ̀lì tí ń dáhùn sí àmì òǹkà kan. Ìwọ̀nba ni àwọn tí ń dáhùn sí àmì, àwọn tí ń dáhùn sí àkójọ pọ̀ jù wọ́n lọ, ọ̀tọ̀ sì ni agbo méjèèjì. Ẹ̀rí yìí wúwo ju ti àwòrán MRI lọ, nítorí pé sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ni ó sọ̀rọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹkùn tí a ti gbọ́ ọ kì í ṣe àtàrí. Ìdájọ́ tí ó bá a mu ni pé ọpọlọ kò ní àpótí iye kan tí gbogbo ìrísí ń bọ́ sínú rẹ̀. Agbo sẹ́ẹ̀lì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó ní, ẹ̀kọ́ àti ìlò ni ó sì ń so wọ́n pọ̀, tí okùn náà fi ń yi sí i bí ọmọ ṣe ń dàgbà nínú ìṣirò.

Èyí ní ohun tí ó ń béèrè lọ́wọ́ ilé ìwé. Laurence Rousselle àti Marie-Pascale Noël, ní Bẹ́ljíọ̀mù, dán àwọn ọmọ tí ìṣirò ń dà láàmú wò ní 2007, wọ́n sì rí i pé àwọn ọmọ náà ń lọ́ra ju ẹgbẹ́ wọn lọ nígbà tí wọ́n bá ń fi àmì òǹkà méjì wéra, ṣùgbọ́n wọn kò yàtọ̀ sí ẹgbẹ́ wọn rárá nígbà tí ó bá jẹ́ àkójọ méjì. Iye kò sọnù lọ́wọ́ wọn. Ọ̀nà tí ó ti ara àmì dé ibi iye ni kò tíì là. Olùkọ́ tí ó bá rí ọmọ tí ń kùnà nínú 6 àti 9 lórí pátákó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ da ọmọ ayò mẹ́fà àti mẹ́sàn-án síwájú rẹ̀, kí ó sì tún pe mẹ́fà àti mẹ́sàn-án sí i létí, kí ó tó pinnu pé ọmọ náà kò mọ ìṣirò.